Ẹ Má Tíì Dá Ṣéènì Lẹ́bi: Bí A Ṣe Ń Wá Ìdí Táyà Ẹ̀yìn Tó Wọ́

(Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àwọn mẹkáníìkì, àwọn ọlọ́kadà àti àwọn ọmọṣẹ́ ní ìlú Ìṣẹ́yìn)

Ẹ̀yin àgbààgbà wa tó wà níjokòó, ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ̀yin ọlọ́kadà tí ẹ pa èrò òwúrọ̀ tì nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin ìyá wa tó ń ta páàtì, àti ẹ̀yin ọmọṣẹ́ tí ẹ wà lórí ìdúró nítorí pé bẹ́ǹṣì kò kárí, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìdúró, ẹ kú oòrùn.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí táyà ẹ̀yìn àti ṣéènì. Bí mo ṣe ń wọlé báyìí, ọlọ́kadà kan dá mi dúró, ó ní, "Bàbá, kí ló wà nínú ọ̀rọ̀ ṣéènì tí èèyàn fẹ́ fi gbogbo àárọ̀ sọ? Tó bá dẹ̀, a fà á. Tó bá já, a rà á." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó wá jókòó níwájú. Ó wà níbẹ̀ yẹn. Ohun tó sọ yẹn gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ wá.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí orí ọmọ bá wọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, àwọn tí kò tilẹ̀ mọ ìyá náà rí á ké sí i pé kó tún ọmọ pọ̀n. Ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn màṣíìnì ń wọ́ lójú wa láràárọ̀, ó gbé èèyàn méjì, ó gbé ọmọ ilé ìwé, ó gbé àpò ẹ̀gẹ́, ó sì ń kọjá lọ níwájú ṣọ́ọ̀bù wa. Ta ló ń ké sí i? Ní January 2009, nígbà tí àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní dandan ni kí ọlọ́kadà dé àṣíborí, ẹ rántí pé àwọn kan dé igbá! Orí la tọ́jú nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ igbá la fi tọ́jú rẹ̀. Ìdí màṣíìnì, kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀rọ̀ kan ni mo ní. Ṣéènì kì í dédé kú. Nǹkan ló ń pa á. Ẹ má ra òmíràn títí ẹ ó fi mọ nǹkan tó pa èyí tó wà níbẹ̀.

Ta ló pa á?

Ṣéènì oníróólà tí à ń lò yìí kì í ṣe nǹkan àná. Ọdún 1880 ni Hans Renold gbé e jáde ní ìlú Manchester. Láti ìgbà yẹn títí di òní, ohun tó ń bẹ̀ wá fún kò yí padà: kí eléyín iwájú àti eléyín ẹ̀yìn, àwọn sípírókẹ́ẹ̀tì méjèèjì, wà lórí ìlà kan. Bí wọ́n bá wà lórí ìlà kan, tí ẹ sì ń nù ún, ṣéènì tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n á bá yín rìn jìnnà. Bí wọn kò bá sí lórí ìlà kan, èyí tó wọ́n jù lọ́jà á kú ikú ayédèrú.

Ìṣẹ́yìn la wà, ìlú aláṣọ òkè, ẹ jẹ́ kí n fi òfì sọ ọ́. Ẹ ti rí òwú tí wọ́n ta gbọọrọ síwájú òfì, tí wọ́n fi òkúta tẹ ìdí rẹ̀. Bí òwú yẹn bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, aṣọ á máa fà. Ahunṣọ kò ní bú òwú. Ó máa dìde ni, yóò rìn lọ sí ìdí òwú lọ́hùn-ún, yóò wo bó ṣe wà. Kí ló dé tí àwa mẹkáníìkì kì í dìde?

Ọmọkùnrin kan gbé màṣíìnì Boxer wá bá mi. Ọ̀nà Òkèhò ló ń ná. Ṣéènì orí rẹ̀ ṣì ń dán, ṣùgbọ́n ó ti ń ké. Ó ní àwọn mẹkáníìkì tí òun ti lọ bá ṣáájú, ṣéènì ni gbogbo wọn ń tà fún òun. Mo ní ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ó ní ó ti pẹ́. Mo ní kí lo ṣe sí i kó tó bẹ̀rẹ̀? Ó ní òun kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yin ọmọṣẹ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: oníbàárà kì í ṣe nǹkan kan rí! Ẹ tún bi í. Nígbà tí mo bi í títí ló wá rántí pé táyà ẹ̀yìn jò lọ́nà oko ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, pé fọkanáísà kan tú u, ó lẹ̀ ẹ́, ó sì dá a padà lójú òkùnkùn.

Mo tú táyà. Búùṣì, òrùka irin tó yẹ kó wà láàárín họ́ọ̀bù (ìdí táyà ní àárín) àti swing arm (apá irin tó di táyà ẹ̀yìn mú) ní ẹ̀gbẹ́ bíréèkì, kò sí níbẹ̀. Wáṣà méjì ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Wáṣà méjì kò nípọn tó búùṣì, nítorí náà bí wọ́n ṣe ń fún nọ́ọ̀tì mọ́lẹ̀, gbogbo họ́ọ̀bù ń sún lọ sí ẹ̀gbẹ́ bíréèkì, eléyín ẹ̀yìn sì ń tẹ̀ lé e. Ti iwájú kò lè sún, ara ẹ́ńjìnnì ló wà. Ṣéènì wá ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ láti ọjọ́ náà. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Owó búùṣì yẹn kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó àwọn ṣéènì tí ọmọ yẹn ti rà.

Ẹ̀yin fọkanáísà tó wà níbí, ẹ má fajú ro. Mi ò sọ pé ẹ̀yin lẹ ń ba màṣíìnì jẹ́. Mo mọ bí oníbàárà ṣe ń dúró lé yín lórí, tó ń pariwo pé èrò òun ń lọ. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò ju pé kí ẹ to búùṣì sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń yọ wọ́n, ti ọ̀tún sí ọ̀tún, ti òsì sí òsì, kí ẹ sì ka iye tí bóòtì tí a fi ń fa ṣéènì ti wọlé ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ẹ tó dẹ̀ ẹ́.

Etí àti ojú, kó tó kan sípánà

Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ bèèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ bèèrè ẹni tó tú táyà kẹ́yìn. Ẹ bèèrè bóyá ó ti ṣubú, ẹ̀gbẹ́ wo ló sì fi lélẹ̀. Ẹ bèèrè ẹrù tó ń gbé, nítorí ẹni tó ń so kẹ́ẹ̀gì epo pupa mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo láti oko dé ọjà, swing arm rẹ̀ kò lè rí bíi ti ẹni tó ń gbé èrò nìkan.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fetí sílẹ̀. Ariwo tó ń lọ láìdáwọ́ dúró, tí ń ha bí irin tó ń ha irin, àfàjù ni tàbí ìlà tí kò tọ́. Èyí tó ń ké, tó dákẹ́, tó tún ké, tí ń bá yíyí táyà lọ, ojú kan ló le jù lára ṣéènì tàbí kí eléyín má ṣe rógódó mọ́. Èyí tó ń sọ "gbà!" nígbà tí ẹ bá fún un níná tàbí tí ẹ bá dá iná dúró, ṣéènì ti dẹ̀ jù, tàbí kí àwọn rọ́bà tó wà nínú họ́ọ̀bù ti jẹ tán. Ẹni tó bá fẹ́ dá rọ́bà yẹn mọ̀, kó di táyà mú gírígírí, kó gbìyànjú láti yí eléyín nìkan síwá sẹ́yìn. Bó bá ń ṣeré púpọ̀, rọ́bà ti lọ.

Ojú ló kàn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó láti ẹ̀yìn, kí ojú yín wà ní ọ̀gangan orí ṣéènì, bí ìgbà tí ọdẹ ń fojú sun ìbọn. Ṣéènì tó tọ́ á lọ tààrà. Èyí tí kò tọ́ á tẹ̀ díẹ̀ níbi tó ti kúrò lórí eléyín. Kí ẹ wá wo eyín náà, kì í ṣe ṣóńṣó rẹ̀ nìkan. Gbogbo wa la mọ̀ pé eyín tó ti tẹ̀ bí ìwọ̀ ti gbó. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ń dán tí èkejì sì ṣì dúdú, ẹ ti mú olè: ẹ̀gbẹ́ tó ń dán ni ṣéènì ń fara nù. Ẹ wo inú ṣéènì náà bákan náà. Bí àwọn awẹ́ ti inú bá dán sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀rí kejì nìyẹn.

Ẹ̀rí kẹta ni àwọn kan ń sọ nù, èyí sì máa ń dùn mí. Ṣéènì á máa ha káfà rẹ̀. Dípò kí ó bèèrè ìdí tó fi ń ha á, ọ̀gá mẹkáníìkì á yọ káfà, á jù ú sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ariwo á sì dákẹ́. Kí lẹ ti ṣe? Ẹ ti lé ẹlẹ́rìí kúrò ní kóòtù. Iyanrìn á wá máa dà sí ṣéènì lójú ọ̀nà pupa wa yìí. Àwọn ìyá wa tó ń jókòó sẹ́yìn, ìró wọn á sì máa wá ibi tí yóò kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí i níbi tí ìró ti wọ ṣéènì, ẹ mọ ìdí tí mi ò fi fẹ́ pẹ́ lórí ìyẹn. Ẹ dá káfà padà.

Ẹ tún yí táyà pẹ̀lú ọwọ́, díẹ̀díẹ̀, ẹ máa fọwọ́ kan ṣéènì ìsàlẹ̀ láàárín. Ṣé ó dẹ̀ bákan náà yípo? Ó ṣọ̀wọ́n! Ẹ wá ojú ibi tó le jù, kí ẹ fi nǹkan sàmì sí i. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti wọn ìdẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n níbi tó dẹ̀ jù, tó sì fà á, ti fún ibi tó le lọ́rùn pa.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ mọ̀ bóyá ṣéènì náà ṣì tó nǹkan. Ṣéènì 428 tó wà lórí ọ̀pọ̀ màṣíìnì wa, láti àárín píìnì kan dé àárín èkejì jẹ́ 12.7 mílímítà. Ẹ fà á kó le, ẹ wọn ogún ìgbésẹ̀, láti píìnì kìíní dé ìkọkànlélógún. Tuntun á jẹ́ 254 mílímítà. Bó bá ti ń lọ sí 259, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ẹ sì bá a pààrọ̀ eléyín méjèèjì, torí ṣéènì tuntun lórí eyín tó ti gbó, owó tí a dà sómi ni.

Okùn ni adájọ́

Ọ̀rọ̀ tó wà níbí ló gbé mi wá gan-an, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ mi.

Ọ̀pọ̀ wa gbẹ́kẹ̀ lé àwọn ilà kéékèèké tí ilé iṣẹ́ fín sára swing arm. Ilà mẹ́ta lọ́tùn-ún, ilà mẹ́ta lósì, ó parí. Ilà yẹn wúlò fún ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi búra. Wọ́n lè má fín in dọ́gba láti ilé iṣẹ́, swing arm tó ti tẹ̀ sì ń gbé ilà rẹ̀ tẹ̀ dání. Ohun tó dájú ni kí ẹ wọn ìjìnnà láti àárín bóòtì ńlá tó di swing arm mú títí dé àárín áásù, irin tó gba àárín táyà kọjá, ní ọ̀tún àti ní òsì. Bí ẹ kò bá ní téèpù, okùn tí kì í nà tó. Ẹ so kókó sí i. Bí kókó bá bọ́ sójú kan náà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, áásù dúró dáadáa. Bí ọ̀kan bá gùn jù, ẹ̀gbẹ́ tó fi sẹ́yìn jù yẹn ni imú táyà ń wò.

Èkejì ni okùn gígùn. Ẹ gbé màṣíìnì dúró lórí sítáǹdì àárín, kí ọwọ́ rẹ̀ wà ní títọ́. Ẹ ta okùn láti ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn, kó gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kọjá sí iwájú táyà iwájú, ní gíga tí kò ní kan sítáǹdì. Kí ẹni méjì fà á le níwájú, kí wọ́n máa mú un sún mọ́ra títí tí okùn fi kan táyà ẹ̀yìn níbi méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn àti níwájú rẹ̀. Ẹ wá wo táyà iwájú. Lórí ọ̀pọ̀ màṣíìnì 100cc, ti iwájú jẹ́ 2.75-17, ti ẹ̀yìn jẹ́ 3.00-17. Ti ẹ̀yìn fẹ̀ jù díẹ̀, nítorí náà okùn kò yẹ kó kan ti iwájú. Àlàfo bíi 3 mílímítà ló yẹ kó wà ní ọ̀tún, kí irú rẹ̀ wà ní òsì. Bí ọ̀tún bá ṣí gbayawu tí òsì sì lẹ̀ mọ́ okùn, táyà méjèèjì kì í rìn ojú ọ̀nà kan náà.

Ó yẹ kí ẹnì kan bi mí ní ìbéèrè níbí. Kò sẹ́ni tó bi mí, ẹ jẹ́ kí n bi ara mi: bí okùn bá sọ pé táyà tọ́, ṣé ṣéènì náà ti tọ́ nìyẹn?

Rárá o! Ìlà méjì ni wọ́n. Ìlà táyà sí táyà wà lọ́tọ̀. Ìlà eléyín sí eléyín wà lọ́tọ̀. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ ló máa ń fa bóòtì títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ mú irin tó tọ́, ẹ gbé e lé ojú eléyín ẹ̀yìn, kó na orí sí ti iwájú, kí ẹ rí bí ti iwájú ṣe wà sí i.

Bí táyà bá tọ́, tí eléyín kò sì tọ́, ẹ má fọwọ́ kan bóòtì ìfàṣéènì mọ́, kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Búùṣì ni kí ẹ wá: ó sọnù, ó jẹ, tàbí wọ́n gbé ti ọ̀tún sí òsì. Ẹ wo eléyín iwájú, bóyá àwo kékeré tó dì í mú ti jẹ, tó fi ń rìn wọlé rìn jáde lórí ṣáfútì. Ẹ wo eléyín tí wọ́n rà lọ́jà bóyá ikùn rẹ̀ wọnú bíi ti àtijọ́, nítorí irú èyí tí kì í ṣe ti màṣíìnì yẹn máa ń wọlé tí ihò bóòtì rẹ̀ sì bára mu.

Bí eléyín bá tọ́, tí táyà kò sì tọ́, ọ̀rọ̀ ti di ti egungun. Sípóòkù lè ti dẹ̀ kí ríìmù fi sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Swing arm lè ti tẹ̀. Férémù lè ti tẹ̀ nígbà tó ṣubú. Ẹni tó bá ní òun á fi bóòtì ìfàṣéènì wo èyí sàn, ṣéènì tó tọ́ ló máa bà jẹ́ nítorí táyà.

Bí méjèèjì kò bá tọ́, bóòtì ìfàṣéènì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ìyẹn ni ó rọrùn jù, òun ló sì pọ̀ jù.

Irú kan tún wà tí okùn kò lè mú: èyí tó tọ́ lórí ìdúró, tó ń wọ́ lójú ọ̀nà. Igi wọ́rọ́kọ́ tí ń daná rú ni. Ẹ di òkè àti ìsàlẹ̀ táyà mú, ẹ mì ín. Bó bá ń ṣeré, bíárìn ti jẹ. Ẹ di ìdí swing arm mú, ẹ tì í sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ń ṣeré, búùṣì rẹ̀ ti jẹ. Ẹ yọ irin áásù, ẹ yí i gbiri lórí gíláàsì. Bó bá ń jó, ẹ má nà án, ẹ ra òmíràn. Ẹ wo ṣọ́ọ̀kì méjèèjì, bóyá ọ̀kan ti rọ tí èkejì sì ń dá ẹrù gbé. Kò sí iye ìgbà tí ẹ fa ṣéènì irú màṣíìnì yẹn tí kò ní padà wá bá yín lọ́la, oníbàárà á sì máa sọ fún ará àdúgbò pé ọ̀gá yẹn kò mọ iṣẹ́.

Fífà rẹ̀

Èyí kò gba àkókò. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì áásù, ẹ dẹ ti irin tó di bíréèkì mú. Ẹ yí bóòtì ìfàṣéènì díẹ̀ lọ́tùn-ún, díẹ̀ náà lósì, kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ tún yí i. Ìwé tó bá màṣíìnì wá á sọ ìdẹ̀ tó yẹ. Fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn kéékèèké yìí, 20 sí 30 mílímítà ni ní òkè àti ìsàlẹ̀, níbi tó le jù. Kí ẹ tó fún áásù mọ́lẹ̀, ẹ ki àkísà sáàárín ṣéènì àti eléyín, ẹ fọwọ́ yí táyà sẹ́yìn kó há díẹ̀. Ìyẹn á fa áásù mọ́ bóòtì méjèèjì, kò sì ní sún bí ẹ ti ń fún nọ́ọ̀tì. Lẹ́yìn náà, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ẹ tún bíréèkì ṣe pẹ̀lú, torí bí táyà bá ti sún sẹ́yìn, irin bíréèkì náà ti le sí i.

Ẹ̀yin ọlọ́kadà tó fẹ́ràn ṣéènì tó le kankan, ẹ jẹ́ kí èrò jókòó sẹ́yìn, kí ẹ wá fọwọ́ kàn án. Bí áásù ṣe ń gòkè pẹ̀lú ẹrù, ṣéènì ń le sí i, títí áásù, bóòtì swing arm àti eléyín iwájú fi wà lórí ìlà kan. Èyí tó le nígbà tí kò sẹ́ni lórí rẹ̀ á máa fa ṣáfútì jíà tu nígbà tí èèyàn méjì bá gùn ún. Ọ́ìlì tó ń jò nídìí eléyín iwájú yín, ṣé ẹ ti bi í ní orísun rẹ̀?

Bí lọ́ọ̀kù ṣéènì bá jẹ́ oníkílíìpù, orí rẹ̀ tó di pọ̀ ni kó kọjú sí ibi tí ṣéènì ń lọ. Ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ìdọ̀tí kúrò, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi ọ́ìlì jíà tó mọ́ pa á. Kì í ṣe ọ́ìlì dúdú tí a yọ nínú ẹ́ńjìnnì. Ìdọ̀tí irin ti wà nínú ìyẹn tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọṣẹ́, ẹ gbójú sókè wò mí. Bí ẹ bá fẹ́ pa ṣéènì lọ́ọ́ìlì, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ pa á! Ẹ má sọ pé ẹ ó gbé e sí jíà kìíní kó máa yí fúnra rẹ̀ kí ẹ máa fi àkísà tẹ̀ lé e. Àkísà á wọlé, ìka á tẹ̀ lé àkísà. Ọ̀gá tó bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún un pé èmi ni mo ní kí ẹ má ṣe é, kó wá bá mi.

Ẹnu mi ti gbẹ. Mo rí Boxer kan níta tí táyà iwájú rẹ̀ ń wo Ọ̀yọ́, tí ti ẹ̀yìn ń wo Ṣakí. Mi ò mọ ẹni tó ni ín, kí olúwarẹ̀ má bínú sí mi. Ẹ bá wa gbé e wá sábẹ́ igi yẹn, kí ọmọṣẹ́ méjì wá di okùn mú. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, ibẹ̀ ni kó ti bi mí. Ẹ ṣeun o.